Ìyá Kọ̀ǹpútà

Sìdíkátù lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n ní Baruwa tó ń gbé nílùú Èkó, kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Ìyá Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń pè é. Àdúgbò kọ́ ló sì fún un lórúkọ ọ̀hún o, òun fúnra rẹ̀ ló fún ara rẹ̀. Látìgbà tí Rídwàn, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ti wọ yunifásítì láti lọ kẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà, ẹni tó bá wá ra bọ́kẹ́ẹ̀tì ní ṣọ́ọ̀bù rọ́bà rẹ̀, tó sì kí i ní Ìyá Rídwàn, kò ní dá a lóhùn. Yóò máa to abọ́ rẹ̀ lọ bí ẹni tí kò gbọ́. Bí oníbàárà bá tún un pè, á ní, “Ẹ bọ̀wọ̀ fún wa díẹ̀, jàre. Ìyá Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń pè mí báyìí.” Kò pẹ́ tó fi mọ́ gbogbo wọn lẹ́nu. Ọdún kẹta rèé tó ti ń jẹ́ ẹ, adùn rẹ̀ kò sì tíì tán lẹ́nu rẹ̀.

Àlàájì Jàfárù, ọkọ rẹ̀, ń ṣe búlọ́ọ̀kù tà lọ́nà Ayọ̀bọ̀. Ìyàwó méjì ló ní. Sìdíkátù ni ìyáálé. Àdíját, tó ń ránṣọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé, ni ìyàwó kékeré. Àdíját náà kò bí ju ẹyọ kan lọ, Qonitah, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde girama. Àwọn orogún méjèèjì kì í ja ìjà ariwo. Wọ́n á kí ara wọn láàárọ̀, ó parí. Ohun tó wà nínú wọn, inú wọn ló wà.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí gbogbo wọn jókòó ní pálọ̀, Àlàájì bi Qonitah pé kí ló fẹ́ mú nínú fọ́ọ̀mù JAMB rẹ̀. Ọmọ náà kúnlẹ̀.

“Kọ̀ǹpútà sáyẹ́ǹsì ni, Dádì.”

Ẹ̀pà tí Sìdíkátù ń bó bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. “Kí lo pè é?”

“Kọ̀ǹpútà sáyẹ́ǹsì ni, Mọ́mì Rídwàn.”

“Nọ́ọ̀sì ńbẹ, tíṣà ńbẹ, lọ́yà ńbẹ. Àfi èyí tí ọmọ tèmi ń ṣe? Àbí ẹ ti fẹ́ máa jogún mi lójú ayé mi ni?”

“Ìyáálé mi,” ni Àdíját sọ, kò sì gbójú kúrò lára bọ́tìnnì tó ń rán mọ́ aṣọ, “ọkọ mi Rídwàn nìkan kọ́ ni wọ́n ṣe kọ̀ǹpútà fún.”

“Ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀?”

“Ó tó!” Àlàájì ti dìde. “Ẹ jẹ́ kí n rò ó.”

Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé ló ń bí Sìdíkátù nínú. Kò mọ ohun tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà ṣe, kò sì bèèrè rí. Orúkọ rẹ̀ ló ń jà fún. Bí Qonitah bá wọlé sí kọ̀ǹpútà, Ìyá Kọ̀ǹpútà di méjì nínú ilé kan ṣoṣo nìyẹn, Àdíját ni yóò sì jẹ́ ìkejì. Àdíját tó bá a nílé! Kàkà kí ìyẹn ṣẹlẹ̀, ó sàn kí ọmọ náà jókòó sílé kó máa bá ìyá rẹ̀ gbá òwú.

Láti ọjọ́ náà ni ilé ti gbóná. Bí Qonitah bá kúnlẹ̀ kí Sìdíkátù, ògiri ni ìyáálé yóò máa wò. Bó bá ń gbálẹ̀, ìdí máṣíìnì Àdíját ni yóò gbá ìdọ̀tí jọ sí, á fi í síbẹ̀, á wọlé lọ. Àdíját náà kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń fìyà jẹ. Tí Sìdíkátù bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kíá ni yóò fẹsẹ̀ lé máṣíìnì, yóò máa tẹ̀ ẹ́ gbìgbìgbì láìsí aṣọ kankan lábẹ́ abẹ́rẹ́.

Sìdíkátù bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, ó pe Rídwàn lórí fóònù. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan tó ti wálé gbẹ̀yìn, nítorí ìdánwò kì í tán nílẹ̀ fún un. Ó ro ẹjọ́ Qonitah fún un látòkè délẹ̀. Ohùn Rídwàn yí padà.

“Mọ́mì, ẹ má gbà o! Kó má sún mọ́ ilé ìwé wa rárá. Ẹ sọ fún Dádì pé àwọn ọmọ burúkú ló kún ibẹ̀. Ohun tó bá ti wá sí yín lẹ́nu, ẹ ṣá ti sọ ọ́!”

Ìbínú rẹ̀ le ju ti ìyá rẹ̀ lọ. Inú Sìdíkátù dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ó ní ọmọ gidi nìyí, ọmọ tó mọ ẹni tó bí i, tó ń bá òun gbé ìjà òun.

Inú dídùn yìí ló fi ronú ohun tó rò. Ó lọ bá Àlàájì, ó ní kí wọ́n pe Rídwàn wálé lọ́jọ́ Sunday, ẹni tó wà nínú ẹ̀kọ́ náà ni kó sọ bóyá ọmọbìnrin lè ṣe é. Àlàájì gbà. Rídwàn ò fẹ́ wá. Ìyá rẹ̀ sọ fún un lórí fóònù pé bí kò bá wá, kó lọ wá ìyá mìíràn. Ó wá.

Sìdíkátù ti pe Ọ̀gbẹ́ni Olúbọ̀dé, tíṣà ará Èkìtì tó yá yàrá nínú ilé wọn, kí ẹlẹ́rìí lè wà. Rídwàn jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn tòun ti awò dúdú lójú. Ó ní ẹ̀kọ́ náà le, pé àwọn ọmọbìnrin máa ń sunkún níbẹ̀, pé ọ̀pọ̀ wọn ló ti sá lọ.

“Bọ̀dá Rídwàn,” ni Qonitah wí, “kí ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń kọ́ yín?”

“Kò lè yé ẹ.”

“Ẹ sọ ọ́ ná, kó má yé mi.”

“Ṣé ẹ ń gbọ́ bó ṣe ń dá mi lóhùn?” Rídwàn kọjú sí bàbá rẹ̀. “Ibẹ̀ ò gba irú ìwà yìí, Dádì.”

Àlàájì mí kanlẹ̀. “Ó dáa. Tó bá le tó bẹ́ẹ̀, kó wá nǹkan mìíràn mú.”

Sìdíkátù ti borí. Ká ní ó panu mọ́ níbẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ì bá tán. Ṣùgbọ́n Qonitah kò dìde lórí ìkúnlẹ̀. Ó ní òun ò gbà, àfi bí òun bá gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń kọ́ni níbẹ̀. Àdíját rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín yẹn ni Sìdíkátù kò lè gbé mì.

“Kò burú! Rídwàn, lọ́la lo máa mú un lọ. Èmi gan-an á tẹ̀ lé yín. Kó fojú ara rẹ̀ rí i, kẹ́nu rẹ̀ lè wọhò!”

“Mọ́mì, kò pọn dandan—”

“Mo ní a ń lọ!”

Ká ní ó wo ojú ọmọ rẹ̀ nígbà náà ni, ì bá rí òógùn tó ń ṣàn jáde lábẹ́ awò dúdú yẹn. Ojú Àdíját ni Sìdíkátù ń wò.

Lọ́jọ́ kejì, Sìdíkátù wọ léèsì tó rà fún ọdún Iléyá, ó fi wúrà sọ́rùn. Ó wù ú kí àwọn ọ̀gá ọmọ rẹ̀ mọ ẹni tó bí i. Wọ́n gun ọ̀kadà dé Ìyànà-Ìpájà, wọ́n wọkọ̀. Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà, Rídwàn fi bẹ́ǹṣì kan hàn wọ́n níta.

“Ẹ jókòó síbí. Ẹ jẹ́ n lọ pe ọ̀gá kan wá.”

Ó yà lẹ́yìn ilé. Wọ́n retí rẹ̀ títí. Oòrùn tẹ̀ lé wọn dé orí bẹ́ǹṣì, léèsì bẹ̀rẹ̀ sí í yún Sìdíkátù lára, Qonitah ló sì ń kanra mọ́. Ó ní nítorí rẹ̀ ni òun ṣe ń jìyà nínú oòrùn, nítorí ojúkòkòrò rẹ̀ àti ti ìyá tó bí i. Nígbà tó yá, Sìdíkátù bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúró.

“Ẹ̀yin ọmọ dáadáa, ẹ bá mi pe Rídwàn Jàfárù. Ọdún kẹta ló wà níbí.”

“Ọdún kẹta làwa náà wà, mà. A ò mọ̀ ọ́n.”

Ó ní wọn ò mọ nǹkan kan. Ó dá àwọn mìíràn dúró, wọn ò mọ̀ ọ́n. Níkẹyìn, obìnrin kan jáde ní ọ́fíìsì, Ìyáàfin Akínbọ́lá, akọ̀wé ibẹ̀, ó bi wọ́n pé ta ni wọ́n ń wá. Sìdíkátù dárúkọ ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú ìgbéraga ìkẹyìn tó kù lára rẹ̀.

“Rídwàn Jàfárù? Ọ̀gbẹ́ni aláwò dúdú yẹn?” Obìnrin náà wo léèsì, ó wo wúrà, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. “Mọ́mì, ọmọ yẹn ò parí ọdún àkọ́kọ́. Ó ti fi ibí sílẹ̀ tipẹ́. Ṣé kò sọ fún yín ni?”

Sìdíkátù pe fóònù ọmọ rẹ̀. Ó ti pa á. Ó tún un pè. Ojú tì í débi pé kò lè gbójú kúrò lórí bàtà ara rẹ̀. Ẹ̀yìn náà ni ẹ̀rù wá bà á. Níbo ni ọmọ yìí ń sùn láti ọjọ́ yìí wá? Kí ló ń fi owó ilé ìwé ṣe? Ó wá yé e ìdí tí Rídwàn ò ṣe fẹ́ kí Qonitah sún mọ́ ibẹ̀. Ara rẹ̀ ló ń jà fún, kì í ṣe ìyá rẹ̀.

“Qonitah, ọmọ mi.” Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. “Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ nílé. Má jẹ́ kí ìyá rẹ gbọ́. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́.”

Ọmọ náà dìde, ó gbọn eruku ara rẹ̀ nù.

“Ẹ̀yin lẹ máa sọ fún Dádì pé kí n mú kọ̀ǹpútà. Níwájú mọ́mì mi, àti níwájú Ọ̀gbẹ́ni Olúbọ̀dé.”

Kò fi àánú sọ ọ́. Sìdíkátù wo ojú rẹ̀ bóyá yóò rí díẹ̀ níbẹ̀, kò rí i.

“Mo gbọ́,” ló wí.

Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ní pálọ̀ kan náà. Ó ní ẹ̀kọ́ tó dáa ni, pé òun ti fojú ara òun rí i, kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ náà ṣe é.

“Ìwọ lò ń sọ bẹ́ẹ̀?” ni Àlàájì bi í. “Rídwàn ńkọ́?”

“Ó ní kíláàsì. Ó ti dúró síbẹ̀.”

Àdíját gbé àlùmọ́gàjí ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó wò ó títí, kò sì rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí.

Láti ọjọ́ kejì ni Sìdíkátù ti bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ àwọn oníbàárà pé kí wọ́n máa pe òun ní Ìyá Rídwàn bíi ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n rò pé ó ń bá wọn ṣeré ni. “Ìyá Kọ̀ǹpútà! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi ipá kọ́ wa!”

Qonitah wọlé sí kọ̀ǹpútà lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àṣírí Rídwàn sì wà láàárín òun àti Sìdíkátù síbẹ̀. Ní àárọ̀ tó ń lọ ilé ìwé fún ìgbà àkọ́kọ́, ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ apá, ó gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá nígbà tí èrò pọ̀ níbẹ̀, ó kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì.

“Ẹ káàárọ̀, Ìyá Kọ̀ǹpútà.”

Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Sìdíkátù ń to abọ́ rẹ̀ lọ bí ẹni tí kò gbọ́. Ọmọ náà kò dìde. Àwọn oníbàárà ti ń wẹ̀yìn.

“Mo ní ẹ káàárọ̀, Ìyá Kọ̀ǹpútà.”

Sìdíkátù gbé abọ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

“Káàárọ̀, ọmọ mi,” ló wí.