Ohun Tí Búrẹ́mọ̀ Jí

"Ìyá Sàídátù, mo ti sọ fún yín lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó bá ti gun ògiri yìí kì í sọ̀ mọ́," ni Placide wí.

Inú ti ń bí Kúbúrá, ìyá Sàídátù, láti ọjà Missèbo tó ti gbéra. Placide, tó fi ọgbọ̀n ọdún ṣọ́ ẹ̀wọ̀n, jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá páànù tó kọ́ sẹ́bàá títì ní Akpakpa, ó ń bó ẹ̀pà jẹ. Inú yàrá náà ló kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, àdá àti fọ́tò àwọn ọ̀daràn ayé Faransé sí, káwọn tó ń lọ sí Àjàṣẹ́ lè máa yà wò wọ́n. Búrẹ́mọ̀, baba Kúbúrá, wà lára wọn. Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ni: "Olórí ìgárá, Ṣakété."

Àwọn àna láti Pobè, tí wọ́n ń wádìí ìdílé kí wọ́n tó tọrọ Sàídátù, ló kà á. Wọ́n ránṣẹ́ pé àwọn kì í fẹ́ ọmọ olè. Báwọn ò bá gbọ́ nǹkan mìíràn títí ọjọ́ Jímọ̀ọ̀, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn.

"Bàbá mi ò jí abẹ́rẹ́," ni Kúbúrá wí. "Ṣebí ẹ wà níbẹ̀. Iṣẹ́ ipá lòyìnbó kó òun àtàwọn mìíràn lọ ṣe lójú ọ̀nà, ó sì kó ọkùnrin mọ́kànlá sá wọ igbó."

"Mo wà níbẹ̀. Ohun tó wà nínú ìwé kọmandáǹ, òyìnbó tó ń ṣàkóso wa, ni mo dà kọ."

"Kọmandáǹ ti lọ sílé rẹ̀ láti ọdún méjì. Ta lẹ ṣì ń bẹ̀rù?"

Placide bó ẹ̀pà mìíràn. Òmìnira ti dé, àsíá ti yí padà, ọ̀rọ̀ òyìnbó ni arúgbó yìí ṣì ń gbé gẹ̀gẹ̀. Ó sú Kúbúrá pátápátá. Ìtìjú ò jẹ́ kó wọlé rí, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí ó kọjá lára Placide, ó nawọ́ láti já fọ́tò náà.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí wọ́n mú bàbá rẹ̀, kò sì sí fọ́tò rẹ̀ kankan nílé. Imú Sàídátù gan-an nìyí. Bàbá rẹ̀ ò wolẹ̀ rárá, ẹni tó ń ya fọ́tò ló tẹjú mọ́, bí ẹni pé onítọ̀hún ló jẹ̀bi. Omi bọ́ lójú Kúbúrá.

Ó fa àpótí kan, ó jókòó sábẹ́ fọ́tò náà.

"Ẹ ò já a mọ́?" ni Placide bi í.

"Rárá. Mò ń ránṣẹ́ sáwọn ará Pobè pé kí wọ́n wá bá mi níbí lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀. Ẹ̀yin lẹ ó ka ohun tẹ́ ẹ kọ fún wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ ó sọ ohun tẹ́ ẹ fojú rí."

Placide gbé àwo ẹ̀pà sílẹ̀. Ọkọ̀ kan dúró níwájú. Ọkùnrin kan tó ń lọ sí Àjàṣẹ́ wọlé, ó na ìka sí fọ́tò tó wà lókè orí Kúbúrá.

"Kí lèyí jí?"

"Ọkùnrin mọ́kànlá," ni Kúbúrá wí. "Ọwọ́ òyìnbó ló ti jí wọn. Bàbá mi ni. Ẹ jókòó."