Àgbo Tí Láwàlì Mu Ní Sààrì

Àgbo tí ẹ̀gbọ́n mi Láwàlì ń rà ní Mówe korò débi pé bí o bá fi ìka ọwọ́ kàn án lásán, àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ á fajú ro. Àmọ́ n ò ní purọ́ mọ́ ọn, ó jọ pé àgbo yẹn ṣiṣẹ́. Ìtọ̀ ṣúgà ló ń ṣe ẹ̀gbọ́n mi. Ọgbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ jìn tó kí adìẹ yé ẹyin sínú ẹ̀ kó sì tún pa á. Ọsibítù dì í títí, kò jinná. Ó bẹ̀rẹ̀ àgbo, ọgbẹ́ gbẹ, ó padà sídìí iṣẹ́ káfíńtà rẹ̀ n'Íbafo, ó tún sanra bí àgbò iléyá. Ìyá wa ní àgbo nìkan ni kó máa mu. Nurat, ìyàwó rẹ̀, ní kó má fi oògùn ọsibítù sílẹ̀. Láwàlì ò fẹ́ ìjà, ó ń lo méjèèjì.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe wọ ààwẹ̀ ọdún 2006.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo yà ní ìsọ̀ rẹ̀. Ó jókòó sórí pákó, ó ń gbọ̀n, òógùn tó ń dà lára rẹ̀ tó fi rẹ gbogbo ìrẹsì Ọ̀fàdà.

Mo ní, "Brọ̀dá, ṣé ebi ti ń na àgbà ni?"

Ó ní kí n sún àga fún bàbá wa. Bàbá wa sì ti kú tipẹ́.

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi. Mo gbé e pọ̀n lọ sílé, mo ké sí Àǹtí Rosemary, nọ́ọ̀sì tá a jọ ń gbélé.

Ó bèèrè pé, "Oògùn wo ló lò lónìí?"

Ìyá wa ní, "Kò lo oògùn kankan. Ó ń gbààwẹ̀."

Nurat rọra ní, "Ó lo ti ọsibítù ní sààrì."

Mo ní, "Àgbo ńkọ́? Odindi ife ńlá ló gbé mì lójú mi."

Ìyá wa ní, "Ta ló ń bi ọ́ ní ti àgbo? Àgbo kì í ṣe oògùn. Àgbo ni àgbo ń jẹ́."

Rosemary ní, "Màmá, ohun tí àgbo yẹn ń ṣe lára ni oògùn ọsibítù náà ń ṣe. Méjèèjì ti fa ṣúgà ara rẹ̀ wálẹ̀, kò sì sí oúnjẹ níkùn. Ẹ fún un ní ṣúgà kíákíá."

"Ṣúgà tó fẹ́ pa á? Nọ́ọ̀sì, kí ni mo fi ṣẹ̀ ọ́?"

Láti ọjọ́ tí àìsàn yẹn ti dé, inú àpótí ni ìyá wa ń ti ṣúgà ilé mọ́ bí ẹni ti ìbọn mọ́lé, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ á sì wà ní ìṣẹ́tí ìró wọn. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo ní kí wọ́n ṣí i.

Wọ́n ní, "Ìwọ tó o máa ń fi gbogbo nǹkan ṣeré. Ṣé eré nìyí náà?"

"Ìyá mi, ẹ wojú mi."

Ojú Láwàlì ti ń yí sókè. Rosemary ò pariwo. Ó ní, "Màmá, tó bá dákú tán, a ò ní lè fi nǹkan sí i lẹ́nu mọ́."

Ìyá wa wò mí, wọ́n wo Láwàlì. Wọ́n tú ìṣẹ́tí ìró.

Àwọn fúnra wọn ló fi ìka bu ṣúgà, wọ́n ń fi í ra erìgì Láwàlì díẹ̀díẹ̀. Gbogbo Ìbafo dákẹ́. Àní àwọn ọkọ̀ àjàgbé tó ń lọ sí Ìbàdàn ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn. Nurat di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú.

Nígbà tó yá, Láwàlì lá ètè. Ó lajú.

"Ta ló já ààwẹ̀ mi?"

Nurat wò mí. Èmi wo Rosemary.

Ìyá wa ní, "Èmi ni. Dìde, ká lọ bá dókítà. Màá sọ fún un fúnra mi pé ò ń mu àgbo."

"Ìyá mi, àgbo yẹn ló wo ẹsẹ̀ mi sàn."

"Mo mọ̀. Ẹsẹ̀ ló wò sàn. Ìwọ ni mo bí."