Èéfín Lẹ́yìn Pátákó Aláwòrán

"Ẹ rọra sọ̀ o, yìnyín ti mú kí àtẹ̀gùn yìí máa yọ̀," ni Pyo Yeon-ok, afinimọ̀nà àwọn àlejò tó wá wo ìlú, wí, ó sì na àsíá pupa kékeré sókè kí àwọn tí ń tẹ̀ lé e lè máa rí i.

Ilé ìfowópamọ́ àtijọ́ tí àwọn ará Japan kọ́ ni wọ́n ti ń jáde. Ṣọ́ọ̀ṣì oníbíríkì tó wà ní òpin òpópónà ni wọ́n ń lọ. Ọjọ́ náà kò rí bí ọjọ́ mìíràn. Àwọn tí yóò yan ìlú tó dára jù fún ìrìn-àjò ní orílẹ̀-èdè Korea ti fara pamọ́ sáàárín àwọn àlejò, Yeon-ok kò sì mọ èyí tí í ṣe wọn. Seok, ọ̀gá rẹ̀, ń bọ̀ lẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ nínú àpò ẹ̀wù òtútù. Òun ni yóò pinnu lọ́jọ́ náà bóyá Yeon-ok yóò tún rí iṣẹ́ ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Ọkọ Yeon-ok sì ti rọ lápá, ó ti rọ lẹ́sẹ̀.

"Tíṣà, ẹ sọ̀rọ̀ sókè. Etí àgbà ni tèmi," ni bàbá onífìlà kan wí fún Yeon-ok; tíṣà ni àwọn àlejò ń fi ọ̀wọ̀ pè é.

"Etí tí ń gbọ́ ìró ìgò ọtí láti òpópónà kejì ni kò gbọ́ràn yìí," ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn.

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Yeon-ok náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́, nítorí wọ́n ti dé iwájú pátákó aláwòrán náà.

Alẹ́ àná ni wọ́n kàn án mọ́ iwájú àwọn yàrá tóóró tí àwọn arúgbó aláìlẹ́nìkan ń háyà, kí ojú àlejò má baà tó wọn. Àwòrán ìlú láyé àtijọ́ ló wà lára rẹ̀: òrùlé dúdú, igi èso, àwọn obìnrin tí ń pọnmi. Ìjọba ìlú ní àwọn ti kó gbogbo àwọn ayálégbé lọ sí ilé ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n Ìyá Tak, opó tí ń ṣa páálí tà, ti padà wá, nítorí wọn kò jẹ́ kí ó gbé kẹ̀kẹ́ páálí rẹ̀ wọ ọ̀hún. Ó ti di apá ẹ̀wù Yeon-ok mú nígbà tí àwọn káfíńtà ń já igi sílẹ̀.

"Ọmọ mi, bá mi sọ fún ọ̀gá yín. Iwájú ilé ni ọ̀pá èéfín mi yọ sí. Bí wọ́n bá dí i, ibo ni èéfín èédú mi yóò gbà?"

"Màá sọ fún wọn, Mámà."

Kò sọ ọ́. Ẹ̀rù bà á pé ọ̀gá lè bínú, ó sì wí fún ara rẹ̀ pé òun yóò sọ ọ́ bí ìrìn òní bá ti parí.

Èéfín ìṣù èédú tí wọ́n fi ń mú ilẹ̀ yàrá gbóná kì í fún ènìyàn lọ́rùn. Oorun ni í fi gbé ènìyàn lọ. Ní ìgbà èwe Yeon-ok, kò sí àdúgbò tí kò jí lówùúrọ̀ kan kí wọ́n rí i pé ilé kan kò jí.

"Ẹ wò ó," ni ìyàwó bàbá onífìlà wí, "èéfín ń jáde lára àwòrán."

Lóòótọ́ ni. Ó ń yọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láàárín pákó méjì lára pátákó náà.

"Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ṣe é," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Ìlú yìí lówó."

Seok rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àwọn oníṣọ̀nà wa kì í sùn, bàbá." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀: "Ìyáàfin Pyo, ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ."

Ọmọbìnrin kan tó wọ awò ojú ń wo pátákó náà tọkàntọkàn. "Tíṣà, ṣé ẹnì kan ń gbé ẹ̀yìn rẹ̀ ni?"

Yeon-ok wo ojú Seok.

"Rárá," ló wí. "Kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀ mọ́."

Ó kó wọn dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ahọ́n rẹ̀ ń ka ìtàn bíríkì àti agogo bí ó ti máa ń kà á, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń padà sí ọ̀nà tí wọ́n ti rí èéfín náà. Lójijì ó já ìtàn náà sí agbedeméjì. Ó ti àsíá náà bọ Seok lọ́wọ́.

"Níbo lẹ̀ ń lọ?"

"Ọ̀gá, Ìyá Tak wà nínú ilé."

"Mo mọ̀," ni Seok wí jẹ́jẹ́. "Ẹ jẹ́ kí àwọn àlejò wọ̀nyí lọ ná. A ó mú Mámà náà kúrò níbẹ̀ nírọ̀lẹ́."

Yeon-ok sáré.

Ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn wà ní títì láti inú. Ó gbá a, ó pè, ó tún pè. Ọkùnrin tí ń ṣe bàtà ní ìkángun ọ̀nà ló gbé irin wá, tó já a. Yeon-ok bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà kí ó tó wọlé, bí ó ti máa ń ṣe láti kékeré, láìronú. Ìyá Tak fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lábẹ́ kúbùsù, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọdé. Yeon-ok fọwọ́ kàn án.

"Ara wọn gbóná," ló wí. "Ara wọn ṣì gbóná."

"Ilẹ̀ ló gbóná," ni aṣebàtà náà dáhùn.

Nígbà tí àwọn panápaná dé, wọ́n rí i pé ọ̀nà ẹ̀yìn há jù, wọn kò lè gbé òkú yípo níbẹ̀. Wọ́n bá ti ojú fèrèsé tú pátákó náà, wọ́n sì tì í síta.

Àsìkò náà gan-an ni Seok ń kó àwọn àlejò bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n rí i tí ìlú àtijọ́ là sí méjì, tí àwọn ọkùnrin aláṣọ iṣẹ́ gbé arúgbó kan jáde láti àárín rẹ̀, tí tíṣà wọn sì ń tẹ̀ lé wọn nínú yìnyín láìwọ bàtà.

"Ẹ ò rí i, wọ́n tún fi eré kún un," ni bàbá onífìlà wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Àwọn yòókù gbè é.

Ọmọbìnrin tó wọ awò ojú nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó wo ẹsẹ̀ arúgbó náà tó yọ síta lábẹ́ kúbùsù. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè, ó ń wo Yeon-ok.