Ìkíni tí Ìyá Olúṣẹ̀yẹ Gbé Mì

Àwa ni wọ́n kọ́kọ́ fi ètò ẹ̀kọ́ tuntun dán wò. Lọ́dún 1985 tí a wà ní JSS 3, àwọn olùkọ́ wa gan-an ò mọ bí ìdánwò àṣekágbá rẹ̀ ṣe máa rí, ni wọ́n bá kúkú ń da iṣẹ́ bò wá. Ẹ̀kọ́ wà láàárọ̀ kí agogo tó dún, ẹ̀kọ́ tún wà lọ́sàn-án lẹ́yìn tó bá ti dún, eré ìje wà, ẹgbẹ́ akọrin wà. Àwọn ẹ̀rọ tí ìjọba kó wá fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ṣì wà nínú àpótí lẹ́yìn kíláàsì, adìẹ ń yé sórí wọn. Èmi tún ni taimukípà. Rímù ọkọ̀ kan ni wọ́n so rọ̀ sára igi máńgòrò, èmi ni mo ń lù ú tí gbogbo iléèwé á fi dìde. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn ju bó ṣe yẹ lọ. Bí mo bá rántí ọdún náà, ariwo ni mo ń rántí.

Aláró ni ìyá mi, Ojúọlá, ní Ìjemò. Aró ti wọ èékánná wọn débi pé bí wọ́n bá gbé ẹ̀bà kalẹ̀, bàbá mi á bi wọ́n bóyá oúnjẹ ni tàbí aṣọ títà. Ní tàmù kejì, ìyá mi ní ìwé kíkà àti èéfín aró ò lè gbé inú ilé kan náà, ni wọ́n bá ní kí n lọ máa gbé lọ́dọ̀ àbúrò wọn, Àǹtí Abọ́sẹ̀dé, ní Adìgbẹ́.

"Lọ kàwé rẹ," ni wọ́n wí. "Bó o bá parí ìdánwò yẹn, kó o wá fẹnu ara rẹ sọ fún mi bó ṣe rí. Mi ò fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì."

Nígbà tí ìdánwò ku dẹ̀dẹ̀, mo gbọ́ pé ara ìyá mi ò yá. Mo ní kí n lọ wò wọ́n, Àǹtí Abọ́sẹ̀dé ní wọ́n ti gbé wọn lọ sí Ìbàdàn, pé wọ́n á ti dé kí n tó parí. Àǹtí mi kì í purọ́, wọn ò sì mọ̀ ọ́n pa. Ìkòkò ọbẹ̀ ni wọ́n ń wò nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́. Mo rí i, mo sì lọ gbé ìwé mi.

Àárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ ṣe ìṣirò ni mo pàdé Ìyá Olúṣẹ̀yẹ ní Ìgbẹ̀ìn, lójú ọ̀nà iléèwé. Àgbàlá kan náà ni àwọn àti ìyá mi ti ń pa aṣọ láró. Ẹrù àdìrẹ wà lórí wọn, wọ́n ń lọ sọ́jà. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n sì sọ ẹrù náà kalẹ̀. Ta ló ń sọ ẹrù kalẹ̀ torí kó lè kí ọmọdé?

"Abíọ́nà," ni wọ́n wí, "ẹ kú ará fẹ́ra..."

Ojú wọn bọ́ sára yunifọ́ọ̀mù mi, ó bọ́ sára rúlà àti pẹ́ńsù tó wà lọ́wọ́ mi. Wọ́n gbé ìyókù mì.

"O kú ìdánwò, ọmọ mi. Ọlọ́run á ràn ẹ́ lọ́wọ́."

Wọn ò tiẹ̀ ní kí n gbé ẹrù ru àwọn. Àwọn fúnra wọn ló gbé e, wọ́n sì lọ.

"Ẹ" yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́. "O kú iṣẹ́" ni àgbàlagbà ń kí ọmọdé, "o kú ilé" ni. Ọjọ́ tí ikú bá wọlé nìkan ni wọ́n ń fi "ẹ" kí irú mi, torí gbogbo ilé ni wọ́n ń kí lára ọmọ náà. Kò dìgbà tí wọ́n bá parí rẹ̀ kí n tó mọ̀.

Mo rìn dé iléèwé. Mo lu agogo. Mo ṣe ìṣirò, mo sì mọ̀ ọ́n. Inú mi dà bí ẹsẹ̀ tí pajápajá mú: mo mọ̀ pé tèmi ni, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gún un lábẹ́rẹ́, mi ò ní mọ̀.

Lálẹ́, mo béèrè ìyá mi lọ́wọ́ àǹtí mi. Wọ́n ní ara wọn ti ń balẹ̀. Mo ní a dúpẹ́. Bí mo bá sọ ohun tí mo mọ̀, àǹtí mi á sunkún, èmi náà á ní láti sunkún, ìdánwò sì ṣì kù. Bẹ́ẹ̀ la jọ ń purọ́ fúnra wa lórí oúnjẹ, tí a sì ń sọ pé iyọ̀ ti pọ̀ jù.

Ọjọ́ tí mo kọ ìdánwò ìkẹyìn ni àǹtí mi mú mi lọ sí Ìjemò. Bàbá mi, Sàlàhúdíìnì, jókòó sórí ẹní.

"Abíọ́nà, ìyá rẹ ti padà sọ́dọ̀ Ọlọ́run."

"Mo ti gbọ́, bàbá."

Àǹtí Abọ́sẹ̀dé ló bú sẹ́kún. Wọ́n ti sin ìyá mi lọ́jọ́ tí wọ́n kú, bí ẹ̀sìn wa ṣe wí, wọ́n sì ti ṣe àdúrà fìdáù fún wọn. Gbogbo ìkíni ọ̀fọ̀ tí àdúgbò ní, wọ́n ti kí bàbá mi àti àǹtí mi tán. Èyí tó kù fún mi ni "o kú ìdánwò" àti "o kú oríire". Obìnrin kan wo ojú mi tó gbẹ, ó ní ọkàn ọmọ yìí mà le o. Mi ò bá a jà, kò purọ́.

Mo jáde sí àgbàlá. Wọ́n ti da ojú ìkòkò aró ìyá mi délẹ̀. Ìyá Olúṣẹ̀yẹ ń fa aṣọ jáde nínú tiwọn, nígbà tí wọ́n rí mi, wọ́n gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ parí ìkíni tí ẹ bẹ̀rẹ̀ ní Ìgbẹ̀ìn."

Wọ́n nu ọwọ́ wọn mọ́ ìró, wọ́n nù ún, wọ́n nù ún, bẹ́ẹ̀ aró kì í ṣe ohun tó ń nù kúrò. Wọ́n wá lóṣòó síwájú mi.

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù, Abíọ́nà. Ọlọ́run á forí jì wọ́n. Á jẹ́ kó jìnnà síra."

"Àmín."

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí fẹnu ara mi sọ fún wọn bí ìdánwò náà ṣe rí, láti orí ìṣirò. Mi ò tíì sọ dé ìdánwò kejì tí ẹkún fi gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi.