Kàfáyàt Di Jobe

Kàfáyàt ti pinnu pé tó bá di ọjọ́ Jímọ̀, òun á sọ fún ìyá òun pé òun ò lọ sí ilé ìwé ìrọ̀lẹ́ mọ́. Bẹ́ẹ̀, ó ti bẹ ìyá náà títí kó tó gbà fún un láti máa lọ. Momodou Njie, ọmọ kíláàsì rẹ̀, ló fẹ́ ba gbogbo ẹ̀bẹ̀ náà jẹ́.

Abọ́ tánganran ni ìyá rẹ̀ ń tà ní ọjà Albert, ní ìlú Banjul ní Gambia. Láti ìdí ọjà ni Kàfáyàt ti ń lọ sí kíláàsì, pẹ̀lú bàtà tí wọ́n fi wáyà so okùn rẹ̀. Bó bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà, Momodou á fi ṣíbí lu agolo mílíìkì, kangan, kangan, á ní, "Alábọ́ ti dé. Ẹ fún un láyè kó pàtẹ." Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín, títí kan Isatou Jobe tí òun àti Kàfáyàt jọ ń jókòó.

Lọ́jọ́rú, Kàfáyàt dìde láti kàwé sókè, agolo dún, omi ojú rẹ̀ sì kán sórí ìwé. Isatou rí i. Ẹ̀rín kú sí i lẹ́nu.

Nígbà tí wọ́n jáde, ó kó àwọn yòókù jọ, ó ní bí àwọn ò bá rẹ́rìn-ín, ta ni Momodou fẹ́ máa lu agolo fún? Tijan, ọ̀kan nínú wọn, ní kí wọ́n dárí ji òun, ẹ̀rín òun ò ní ìlẹ̀kùn. Isatou wá ronú ọ̀nà mìíràn.

Lọ́dọ̀ àwọn Wólóòfù, ìbátan ẹ̀fẹ̀ ni àwọn Njie àti àwọn Jobe. Wọ́n lè pe ara wọn ní ọ̀jẹun bó ṣe wù wọ́n. Ẹni tó bá bínú ló fìdí rẹmi. Wọn kì í sì í kọ ẹ̀bùn ara wọn.

Lọ́jọ́ kejì, bí Momodou ṣe gbé ṣíbí, Isatou dìde.

"Njie, rọra. Àbúrò mi nìyẹn. Láti òní lọ, Jobe ni."

Momodou béèrè pé láti ìgbà wo ni ará Nàìjíríà ti ń jẹ́ Jobe.

"Bathurst di Banjul lọ́dún tó kọjá, ilé yín ò ṣáà wó. Ta ló bá mi gbà á lábùúrò?"

Gbogbo kíláàsì nawọ́ sókè. Tijan na méjèèjì.

Wọ́n wá kọjú sí Kàfáyàt. Ó rántí bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń dá àwọn oníbàárà tó bá ná ọjà ní ìnákúnàá lóhùn.

"Njie," ó rọra sọ ọ́, "mo ti mọ ohun tó ń jẹ́ kí o máa lu agolo. O ti lá mílíìkì inú ẹ̀ tán, o wá ń bẹ̀ ẹ́ bóyá ó kù díẹ̀."

Ilé ìwé fẹ́rẹ̀ẹ́ ya fún ẹ̀rín. Momodou la ẹnu láti bínú, ó rántí òfin, ó sì rẹ́rìn-ín bí ẹni tí eyín ń ro.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, ohun tí Kàfáyàt bá ìyá rẹ̀ sọ ni pé kó fún òun ní abọ́ ńlá tí etí rẹ̀ ti bó, tí ẹnikẹ́ni ò rà. Ó gbé e ka iwájú Momodou.

"Njie, agolo ti kéré jù fún ọ."

Kò lè kọ̀ ọ́. Ó ru ú gba àárín ọjà kọjá lọ sílé, àwọn èèyàn sì ń bi í pé eélòó ló ń tà á.

Lọ́jọ́ Ajé, ó gbé e padà wá, ẹ̀pà yíyan kún inú rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló lù ú, kangan, kangan. "Jobe ọ̀jẹun, ìwọ ni kí o kọ́kọ́ bù."

Lálẹ́, ìyá Kàfáyàt ní ó jọ pé ọ̀rọ̀ ilé ìwé ti ń sú u lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kàfáyàt ní rárá o. Kódà, òun fẹ́ tètè kúrò lọ́jà lọ́la, torí ó ku èébú mẹ́ta tí òun ò tíì bú Momodou.