Ṣe-mí-jẹ́jẹ́

Ẹ wò ó, ó ti rẹ Latifou. Kì í ṣe irú àárẹ̀ tí oorun ń wò: ẹ̀yìn ń dùn ún, ọrùn ń dùn ún, ó ti jẹ eruku Tchaourou yó láti ọjọ́ tó ti ń fi alùpùpù gbé èrò. Èyí tó wá bu iyọ̀ sí i ni ti Awaou, ìyá rẹ̀. Gbogbo ayé ló ń pe iṣẹ́ náà ní zémìjàn. Láti nǹkan bí ọdún kan, ìyá yìí bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Ṣe-mí-jẹ́jẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ níbùdókọ̀ gbọ́, wọ́n sọ ọ́ di orúkọ mọ́ ọn lára.

"Ìyá, èdè Fọ̀n ni! 'Gbé mi kíákíá' ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin ẹ yí i sódì!"

"Etí àgbà ni," obìnrin náà á ní. Bílẹ̀ bá mọ́, á tún pè é bẹ́ẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan ni Oumou-Kalsoum, ìyàwó Latifou, rí ẹ̀jẹ̀. Oyún oṣù mẹ́fà! Àyà gbogbo ilé já, torí lọ́dún tó kọjá, ojú ọ̀nà Alafiarou, abúlé wọn, sí ọsibítù Tchaourou yìí kan náà ni oyún àkọ́kọ́ ti bọ́. Latifou sá eré àsápajúdé lọ́jọ́ náà, ó sì já sí kòtò. Kò sẹ́ni tó bá a wí, ìyàwó rẹ̀ kò wí nǹkan, ìyá rẹ̀ kò wí nǹkan. Ìyẹn gan-an ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn.

Ó gbé ìyàwó rẹ̀ sáàárín, ìyá rẹ̀ dì í mú lẹ́yìn. Ó fún alùpùpù níná.

"Ṣe-mí-jẹ́jẹ́!" ni Awaou ké.

"Háà, Ìyá! Ẹ̀jẹ̀ ń dà, ẹ ṣì ń ṣeré!"

"Ṣe-mí-jẹ́jẹ́, Latifou!"

Kò lágbára àríyànjiyàn mọ́. Ó dẹwọ́, ó ń yẹ kòtò, omijé ń pò mọ́ eruku lójú rẹ̀.

Ní ọsibítù, wọ́n gbé Oumou-Kalsoum wọlé. Ó pẹ́ gan-an kí agbẹ̀bí tó jáde, ó ń fi Fọ̀n bá ẹnì kejì rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kí Latifou tó bèèrè ohunkóhun, Awaou ti ké "Alihamudulilahi!", ó sì ń dá agbẹ̀bí lóhùn ní Fọ̀n tó já gaara.

"Ọmọ ṣì wà láàyè nínú," Awaou sọ fún Latifou. "Ìyá rẹ̀ náà ń sinmi."

Latifou dúpẹ́ títí. Ìgbà tó yá ló yanu. "Ìyá, ẹ gbọ́ Fọ̀n?"

"Bohicon nílẹ̀ Fọ̀n ni mo ti ń ta iṣu kí n tó fẹ́ bàbá rẹ."

"Ẹ mọ ohun tí zémìjàn ń jẹ́ nígbà náà?"

"Mo mọ̀ ọ́n dáadáa."

"Kí ló wá dé tí ẹ..." Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ìgbà tí orúkọ náà bẹ̀rẹ̀: ọ̀sẹ̀ tí oyún àkọ́kọ́ bọ́.

Awaou nu eruku lójú Latifou. "Mi ò lè bá ọ wí, ọmọ mi. Mi ò sì lè dákẹ́."

Latifou jókòó sílẹ̀ níbi ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, ó gbórí lé e nítan, ó sì sunkún.