Jókòó Lé E

Ní àdúgbò yẹn, ẹni tó bá fọ́nnu kò ní ṣàì gbọ́ ọ: "Jókòó lé e." Awakọ̀ tó ní bíréèkì òun kì í já, wọ́n á ní kó jókòó lé e. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣèlérí fún ìyá ìyàwó pé ọmọ rẹ̀ kò ní jìyà, wọ́n á ní kó jókòó lé e. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju èyí lọ: bí ọ̀rọ̀ rẹ bá dá ọ lójú, fi ara rẹ dán an wò ṣáájú ẹnikẹ́ni.

Ibi tó ti ṣẹ̀ wá ni ẹnu wọn kò kò lé lórí. Òun náà ni wọ́n ń fà ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà láàárọ̀ ọjọ́ tí ọ̀gá nọ́ọ̀sì ń bọ̀ wá wo bẹ́ǹṣì tí Aláyùn, ọmọbìnrin káfíńtà, ṣe fún ilé ìwòsàn.

"Àwọn agbábọ́ọ̀lù ló dá a sílẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n Aláyùn wí. "Ẹni tí kò bá lè gbá a, kó lọ jókòó."

"Irọ́ ni," ni onígbàjámọ̀ tó wá yá òòlù fèsì. "Àwa la ni ín. Ta ló ń sọ ọ́ lójoojúmọ́ tó wa?"

"Orí ta lo gé tó dára rí?"

"Orí tìẹ ni kò jẹ́ kí wọ́n mọ̀. Orí tó rí bí ilé tí wọn ò kọ́ tán, kí ni abẹ fẹ́ ṣe sí i?"

Aláyùn rẹ́rìn-ín, kò gbójú sókè. Ó ń gbá èérún pákó kúrò nídìí bẹ́ǹṣì. Lójú tirẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò lọ́jú pọ̀. Láti kékeré ló ti ń rí i pé ohunkóhun kì í kúrò ní ṣọ́ọ̀bù yìí àfi kí bàbá wọn kọ́kọ́ jókòó lé e lójú ẹni tó fẹ́ rà á, kó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò nílẹ̀. Ó gbà pé ibẹ̀ ló ti wá. Kò bi bàbá rẹ̀ léèrè rí. Ọ̀rọ̀ wọ́n lẹ́nu bàbá náà bí omi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Apá bàbá kò ká ayùn mọ́. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ fi ṣọ́ọ̀bù kó táyà pa mọ́, Aláyùn fẹ́ máa bá iṣẹ́ káfíńtà lọ níbẹ̀. Bàbá gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì, ó wá ní, "Bí ọ̀gá nọ́ọ̀sì bá gba bẹ́ǹṣì yìí, ṣọ́ọ̀bù di ti Aláyùn. Bí kò bá gbà á, ẹ kó táyà wọlé."

Ìṣó kankan kò sí lára bẹ́ǹṣì náà. Aláyùn gbẹ́ ẹnu sára igi kan, ó gbẹ́ ahọ́n sára èkejì, ó kì wọ́n bọ ara wọn.

"Bẹ́ǹṣì tí kò ní ìṣó," ni ẹ̀gbọ́n wí, "ṣé àdúrà ló so ó pọ̀ ni?"

"Ahọ́n ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣùgbọ́n kì í ṣe irú tiyín."

Ọ̀gá nọ́ọ̀sì dé. Obìnrin tó síngbọnlẹ̀ ni. Ó yí bẹ́ǹṣì po, ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́.

"Àwọn aboyún ló máa jókòó síbí. Ṣé kò ní já wọn sílẹ̀?"

"Kò ní já wọn sílẹ̀, mà," ni Aláyùn wí.

Ọ̀gá nọ́ọ̀sì kọjú sí bàbá. "Bàbá, ẹ jókòó lé e ká rí i."

Bàbá mú ọ̀pá, ó rìn débẹ̀, ó na ọwọ́ sí i. Ó dúró. Ó wo ọmọ rẹ̀.

"Èmi kọ́ ni mo ṣe é. Jókòó lé e."

"Bàbá, àṣà ibí kọ́ nìyẹn," ni ẹ̀gbọ́n wí.

"Òun gan-an ni. Ẹni tó ṣe é ló ń jókòó."

Aláyùn nu ọwọ́. Àárín gan-an ló jókòó sí, níbi tí ẹrù ti ń wúwo jù. Ó gbé ẹsẹ̀ sókè. Bẹ́ǹṣì dún kẹ̀rẹ́.

Ọ̀gá nọ́ọ̀sì fà sẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. Aláyùn kò sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀.

"Ahọ́n ló ń wọlé dáadáa, mà. Kò ní dún mọ́. Ẹ wá jókòó."

Ọ̀gá nọ́ọ̀sì wò ó títí. Ó wá jókòó tì í, tòun ti gbogbo ara rẹ̀, ó sì gbé ẹsẹ̀ sókè. Bẹ́ǹṣì kò wí nǹkan kan.

"Ẹ ṣe àwọn bẹ́ǹṣì ìyókù fún mi," ló wí. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ta ló tiẹ̀ kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ jókòó-lé-e yìí?"

"Ìyá wọn ni," ni bàbá wí.

Gbogbo wọn yíjú sí i.

"Ó ní kí n ṣe àpótí tóun á máa jókòó lé ránṣọ. Mo gbé e dé. Ó ní kí n jókòó lé e. Mo jókòó. Ó wó."

"Ó wó kẹ̀?" ni onígbàjámọ̀ wí.

"Lójú gbogbo àdúgbò. Ibi yòówù kí n gbà, wọ́n á ní kí n jókòó lé e. Mo lọ ṣe òmíràn. Mo gbé e dé, mo jókòó kó tó lanu." Ó fi ọ̀pá tẹ ilẹ̀. "Ó rí i pé mo padà wá."

Àpótí tó dúró ni Aláyùn rò pé ó bí ọ̀rọ̀ náà. Àṣé èyí tó wó ni.

Bàbá já ayùn lára ògiri, ó gbé e lé ọmọbìnrin rẹ̀ nítan. Ó wá yíjú sí ọmọkùnrin rẹ̀.

"Ìwọ náà."

Ẹ̀gbọ́n rọra fìdí lé etí bẹ́ǹṣì. Ó gbé ẹsẹ̀ kan.

"Méjèèjì, ẹ̀gbọ́n mi," ni Aláyùn wí.